Àwọ̀ Inú Oúnjẹ: Láti Ẹnu Dé Inú Ẹ̀jẹ̀

Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi ìpàdé àwọn ọmọ ẹgbẹ́ àti àwọn olùrànlọ́wọ́ ní Mende, Kosofe, Ìpínlẹ̀ Èkó



  Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lórí oúnjẹ. N kò ní pẹ́ púpọ̀, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi, nítorí ọ̀rọ̀ náà kan owó tí ẹ ń dá àti ohun tí owó náà ń dà nínú ara ọmọ.

Gbogbo wa la mọ̀ pé oúnjẹ tó ní àwọ̀ dára fún ara. Nọ́ọ̀sì ń sọ ọ́ níbi tí wọ́n ti ń gba abẹ́rẹ́ àjẹsára, rédíò náà ń sọ ọ́: ẹ jẹ ẹ̀fọ́, ẹ jẹ tòmátò, ẹ jẹ kárọ́ọ̀tì, ẹ jẹ ìbẹ́pẹ. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ìdajì ọ̀rọ̀ ni. Ìdajì kejì ni pé kì í ṣe gbogbo ohun tó wọ ẹnu ló ń wọ inú ẹ̀jẹ̀. Ọmọ méjì lè jẹ ẹ̀fọ́ láti inú ìkòkò kan náà, kí ó ṣe ọ̀kan láǹfààní, kí ti èkejì sì bá ìgbẹ́ jáde. Ohun tó fa ìyàtọ̀ yìí ni mo fẹ́ kí a mọ̀ lónìí.

KÍ NI ÀWỌ̀ YÌÍ Ń ṢE?

Bí a bá bẹ iṣu tí a gbàgbé rẹ̀ sórí àwo, ojú rẹ̀ á dúdú. Bí irin bá wà nínú òjò, á dógùn-ún. Ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́ ló wà nídìí méjèèjì. Ọ́síjìn yìí kan náà ni ara wa fi ń sọ oúnjẹ di agbára, ṣùgbọ́n bí ó ti ń ṣe iṣẹ́ yìí, àwọn nǹkan kan ń ta jáde nínú rẹ̀ tó lè ba ara jẹ́ díẹ̀díẹ̀, bí ẹ̀ta iná ṣe ń jó aṣọ. Ewéko tó ń dúró nínú oòrùn láti òwúrọ̀ títí di alẹ́ ní irú ìṣòro yìí, Ọlọ́hun sì fún un ní ohun tó fi ń dáàbò bo ara rẹ̀. Púpọ̀ nínú ohun ààbò yìí ni ojú wa ń rí gẹ́gẹ́ bí àwọ̀. Antioxidant ni àwọn onímọ̀ ń pè é.

Ẹ jẹ́ kí a pín wọn sí mẹ́ta. Èkíní ni carotenoid, ìyẹn àwọ̀ pupa àti àwọ̀ bí ọsàn tó wà nínú epo pupa, kárọ́ọ̀tì, máńgòrò, tàtàṣé àti tòmátò. Ó wà nínú ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ àti ugu pẹ̀lú, àwọ̀ ewé ló kàn bò ó mọ́lẹ̀. Èkejì ni chlorophyll, àwọ̀ ewé fúnra rẹ̀. Ẹ̀kẹta ni anthocyanin, àwọ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú tó wà nínú zobo tí a ń fi ìṣápá pupa ṣe.

Nínú ìdílé carotenoid, ọ̀kan wà tí ń jẹ́ beta-carotene. Òun ni ó ṣe pàtàkì jù fún ọmọdé, nítorí ara lè sọ ọ́ di fítámì A. Fítámì A ni ojú fi ń ríran nígbà tí ilẹ̀ bá ń ṣú, òun sì wà lára ohun tí ara ọmọ fi ń bá àrùn jà. Ọmọ tí kò ní i tó lè máa táràrà ní ìrọ̀lẹ́. Bí ó bá burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, ojú lè fọ́ pátápátá. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ ọ́ pé àìtó fítámì A ló ń fa ìfọ́jú ọmọdé jù nínú èyí tí ènìyàn lè dènà rẹ̀. Àwọ̀ tòmátò, tí ń jẹ́ lycopene, kò lè di fítámì A ní tirẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó wúlò lọ́nà mìíràn. Ẹ fi èyí sọ́kàn, a ó padà sórí rẹ̀.

ÌKÒKÒ ÀTI ẸNU

Inú yàrá kéékèèké ni àwọ̀ wà nínú ewé àti èso, ògiri tó le sì yí yàrá náà ká. Ohun àkọ́kọ́ tó gbọ́dọ̀ ṣẹlẹ̀ ni kí ògiri yìí fọ́. Iná, ọlọ àti eyín ló ń fọ́ ọ.

Ní ọdún 1992, Wilhelm Stahl àti Helmut Sies ní Jámánì fún àwọn ènìyàn ní omi tòmátò mu. Nígbà tí wọ́n sè é pọ̀ mọ́ òróró àgbàdo, lycopene inú ẹ̀jẹ̀ wọn gòkè. Èyí tí wọn kò sè kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1997, àwọn kan náà àti alábàáṣiṣẹ́ wọn fi tòmátò inú agolo wé tòmátò tútù, wọ́n sì rí i pé èyí tó ti rí iná tó sì kì ló wọ ẹ̀jẹ̀ jù.

Ṣé ẹ rí i pé àwọn ìyá wa ti ń ṣe èyí tipẹ́? Ata tí a lọ̀, tí a sè títí omi rẹ̀ fi gbẹ, tí a wá dín nínú epo, ó ti fọ́ ògiri náà kí ọmọ tó fi ẹnu kàn án. Bákan náà ni ẹ̀fọ́ tí a rẹ́ wẹ́wẹ́ dára fún ọmọ kékeré ju èyí tí a gé gbàǹgbà lọ, nítorí eyín ọmọ kò tíì lágbára.

IKÙN

Omi kíkan ló kún inú ikùn. Bí àwọ̀ ewé bá bọ́ sínú rẹ̀, á pàdánù magnesium tó wà láàárín rẹ̀, á sì ṣá. Ẹ wo ẹ̀fọ́ tó pẹ́ lórí iná tó wá dà bí ewé gbígbẹ, irú ìyípadà kan náà ló ń ṣẹlẹ̀ nínú ikùn.

Ti zobo yàtọ̀. Ohun kíkan kò pa á lára, ńṣe ni pupa rẹ̀ ń dúró. Ẹ lè dán an wò nílé: ẹ bu zobo tí kò ní ṣúgà sínú ife méjì, ẹ fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí ọ̀kan, ẹ fi kán-ún díẹ̀ sí èkejì, kí ẹ má ṣe mu ún. Èyí tí ẹ fún ọsàn sí á máa pọ́n lọ. Èyí tí kán-ún wà nínú rẹ̀ á yí àwọ̀ padà bí aró. Ìfun kò ní ekan bíi ti ikùn, nítorí náà bí zobo bá ti kúrò nínú ikùn, àwọ̀ rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí yí padà, á sì máa fọ́. Díẹ̀ gan-an ló ń wọ ẹ̀jẹ̀ bí ó ṣe wà. Púpọ̀ rẹ̀ ń dé ìfun ńlá, níbi tí àwọn kòkòrò àìfojúrí tí ń gbé ibẹ̀ ti ń gé e sí wẹ́wẹ́, tí ara sì ń gba lára wẹ́wẹ́ náà. Ohun tí a mu kọ́ ni ohun tó dé ẹ̀jẹ̀. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá ní agbára antioxidant zobo tòun pọ̀ nínú ìgò, ẹ bi í léèrè pé mélòó ló kù lẹ́yìn ìfun.

ÌFUN KÉKERÉ: IBI TÍ EPO TI WỌ Ọ̀RỌ̀

Láti inú ikùn, oúnjẹ á bọ́ sínú ìfun kékeré. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Carotenoid kì í yọ́ nínú omi. Ẹ da epo pupa sínú ife omi, ẹ rò ó títí, á tún léfòó. Omi ló sì kún inú ìfun. Báwo ni àwọ̀ yìí yóò ṣe wá dé ara ògiri ìfun?

Òróòro ló ń ràn án lọ́wọ́. Ẹ̀dọ̀ ló ń ṣe é, àpò òróòro ló ń tọ́jú rẹ̀. Bí ọ̀rá bá dé ìfun, àpò náà á fún òróòro jáde. Òróòro á wá ṣe bí ọṣẹ ṣe ń ṣe sí àwo tí epo yí: á fọ́ epo sí wẹ́wẹ́ tí ojú kò lè rí, àwọ̀ á wà nínú wẹ́wẹ́ náà, ìfun á sì rí i gbà. Bí kò bá sí ọ̀rá nínú oúnjẹ, òróòro tó ń jáde kò tó nǹkan, àwọ̀ á sì kàn kọjá lọ ni.

Ní ọdún 2004, àwọn olùwádìí ní Iowa State University ní Amẹ́ríkà tẹ ìwádìí kan jáde. Wọ́n fún àwọn ènìyàn ní sàláàdì tó ní ewé, tòmátò àti kárọ́ọ̀tì. Nígbà tí kò sí ọ̀rá rárá nínú ohun tí wọ́n dà lé e, carotenoid tó wọ ẹ̀jẹ̀ wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí. Nígbà tí wọ́n fi òróró sí i, ó wọlé. Sàláàdì kan náà ni.

Ìròyìn ayọ̀ ibẹ̀ ni pé epo tí ọmọ nílò kò pọ̀. Gíráàmù 3 sí 5 ọ̀rá nínú oúnjẹ kan ti tó, ìyẹn nǹkan bíi ṣíbí ìmutíì kan.

Nínú ògiri ìfun níbẹ̀ ni ara ti ń la beta-carotene sí méjì kí ó lè di fítámì A. Ìṣirò tí Institute of Medicine ní Amẹ́ríkà gbé jáde ní ọdún 2001 fi hàn bí ọ̀nà ṣe yàtọ̀ sí ọ̀nà. Bí beta-carotene bá wà nínú ẹ̀fọ́ àti èso, ìwọ̀n 12 rẹ̀ ni a ó jẹ kí a tó rí ìwọ̀n 1 fítámì A. Bí ó bá ti yọ́ sínú òróró, ìwọ̀n 2 ti tó. Epo pupa sì rèé, Ọlọ́hun ti yọ́ ọ sínú rẹ̀ láti orí ọ̀pẹ.

ẸRÍ LÁTI Ọ̀DỌ̀ ÀWỌN TÓ TI DÁN AN WÒ

Ní ọdún 1995, ìwé ìròyìn ìṣègùn Lancet tẹ ìwádìí kan tí Saskia de Pee àti Clive West ṣe pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní West Java, Indonesia. Wọ́n fún àwọn ìyá tó ń fún ọmọ lọ́mú ní àfikún ẹ̀fọ́ lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ 12. Fítámì A inú ẹ̀jẹ̀ wọn kò gòkè. Àwọn tí wọ́n fún ní bisikíìtì tí a po beta-carotene mọ́, tiwọn gòkè. Ìyàlẹ́nu ńlá ni èyí jẹ́ nígbà náà, nítorí gbogbo ayé ń sọ pé ẹ̀fọ́ nìkan ti tó. Kì í ṣe pé ẹ̀fọ́ kò dára. Ewé di àwọ̀ rẹ̀ mú ṣinṣin ju bí a ti rò lọ ni.

Ẹ jẹ́ kí a sún mọ́ ilé. Ní Burkina Faso, wọ́n mú epo pupa lọ sí agbègbè Kaya, níbi tí wọn kì í ti í sábà jẹ ẹ́. Noël Zagré, Hélène Delisle àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 2003. Kí epo tó dé, ìyá bíi 62 nínú 100 ni fítámì A inú ẹ̀jẹ̀ wọn kò tó. Lẹ́yìn ọdún méjì, ó ti di 28 nínú 100. Ti àwọn ọmọ náà dín kù, láti bíi 85 sí 67 nínú 100. Ẹ rí i pé ti àwọn ọmọ ṣì pọ̀, nítorí náà epo nìkan kò parí iṣẹ́, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tó ṣe kì í ṣe kékeré.

Nílé wa níbí, IITA ní Ìbàdàn àti àwọn onímọ̀ ní Umudike mú ẹ̀gẹ́ aláwọ̀ ìyeyè tó ní beta-carotene jáde fún àwọn àgbẹ̀ ní ọdún 2011. Ní ọdún 2021, a rí ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní ìwọ̀-oòrùn gúúsù Nàìjíríà, tó fi hàn pé àwọn ọmọ ọdún 3 sí 5 tó ń jẹ oúnjẹ tí a fi ẹ̀gẹ́ yìí ṣe lójoojúmọ́ fún nǹkan bí oṣù mẹ́ta ní fítámì A nínú ẹ̀jẹ̀ ju àwọn tó jẹ ẹ̀gẹ́ funfun lọ. Ṣùgbọ́n ẹ má gbàgbé pé yíyan gàrí àti fífi í pamọ́ pẹ́ ń dín àwọ̀ náà kù.

ARÀN

Bí ìfun bá ń ṣàìsàn, kò sí bí oúnjẹ ṣe lè dára tó tí yóò wọlé bó ṣe yẹ. Ní Sumatra, Indonesia, Fasli Jalal àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí kan jáde ní ọdún 1998 lórí àwọn ọmọ kékeré tí aràn wà nínú wọn. Ohun mẹ́ta ni wọ́n rí pé ó ń gbé fítámì A inú ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ náà ga: oúnjẹ tó ní beta-carotene, ọ̀rá, àti oògùn aràn. Ẹ̀yin ọmọ ìyá mi, èyí jẹ́ pé bí a bá ń ra ẹ̀fọ́ àti epo fún ọmọ, tí a kò sì lé aràn inú rẹ̀, aràn là ń bọ́ mọ́ ọmọ.

OHUN TÓ Ń BA IṢẸ́ JẸ́

Àkọ́kọ́ ni dídáná sí epo títí yóò fi funfun. Mo mọ̀ pé adùn wà nínú rẹ̀, pàápàá nínú ọbẹ̀ aláta ewé tí a fi ń jẹ ìrẹsì Ọ̀fadà. Ẹ máa jẹ ẹ́ bí ẹ bá fẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí pupa rẹ̀ bá ti lọ, beta-carotene ló lọ yẹn. Kí ọmọ jẹ ti ọbẹ̀ tí epo rẹ̀ ṣì pọ́n.

Èkejì ni pé kì í ṣe gbogbo pupa ni pupa epo. Àwọn kan ń fi aró tí a ń fi rẹ nǹkan nílé iṣẹ́ sínú epo kí ó lè pọ́n. Ní ọdún 2015, àjọ tó ń mójú tó oúnjẹ ní Ghana rí aró Sudan IV nínú epo pupa ní àwọn ọjà Accra. NAFDAC náà ti kìlọ̀ fún wa ní Nàìjíríà. Aró yìí kì í ṣe oúnjẹ, wọ́n sì fura sí i pé ó lè fa jẹjẹrẹ. Ẹ ra epo lọ́wọ́ ẹni tí ẹ mọ̀, kí ẹ sì ṣọ́ra fún èyí tó pọ́n ju bó ṣe yẹ lọ.

Ẹ̀kẹta ni oògùn oníhóró tí wọ́n ń polówó pé antioxidant ló kún inú rẹ̀. Ní ọdún 1994, wọ́n gbé àbájáde ìwádìí kan jáde ní Finland, lórí àwọn ọkùnrin amusìgá tó lé ní 29,000. Àwọn tó ń lo beta-carotene oníhóró ní jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró ní ìdá 18 nínú 100 ju àwọn tí kò lò ó lọ. Nínú oúnjẹ, ara ní ọgbọ́n tirẹ̀: bí fítámì A bá ti tó, ìfun á dín lílà beta-carotene kù. Owó tí ẹ fẹ́ fi ra ìgò oògùn bẹ́ẹ̀ fún ọmọ tí kò ṣàìsàn, ẹ fi ra epo àti ẹyin. Èyí kò kan fítámì A tí ilé ìwòsàn ìjọba ń kán sí ẹnu àwọn ọmọ oṣù 6 sí ọdún 5 ní oṣù mẹ́fà mẹ́fà. Ìyẹn ní ìwọ̀n, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ wa máa gbà á.

ÌMỌ̀RÀN MI FÚN ẸGBẸ́

Láti Mende yìí, bí a bá gba ọ̀nà Ìkòròdú kọjá Ojota àti Kétu, ọjà Mile 12 ni a ó bá. Kò sí àwọ̀ oúnjẹ tí a kò ní rí níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ fún ara wa: nígbà tí owó bá fẹ́ lọ́wọ́ opó, epo ni ó máa ń kọ́kọ́ dín kù nínú ọbẹ̀. Á ní ẹ̀fọ́ ṣì wà, ata ṣì wà, kí ọmọ ṣe sùúrù. Kò mọ̀ pé epo tí òun yọ kúrò ni kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn. Nítorí náà:

1. Bí a bá ń di oúnjẹ fún ilé ọmọ òrukàn, kí epo pupa má ṣe wọ́n nínú rẹ̀. Bí owó kò bá tó, ẹ dín nǹkan mìíràn kù.

2. Nígbà tí tòmátò bá wọ́n, bó ṣe rí ní ọdún 2016 tí kòkòrò Tuta absoluta jẹ oko tòmátò run ní Kaduna àti àwọn ìpínlẹ̀ mìíràn ní Àríwá, ẹ má ṣe yọ owó epo fi ra tòmátò. Mo ti sọ ọ́ pé àwọ̀ tòmátò kì í di fítámì A.

3. Egúsí àti ẹ̀pà náà ní ọ̀rá púpọ̀, tó súnmọ́ ìdajì ìwọ̀n wọn. Bí epo bá kéré, egúsí nínú ẹ̀fọ́ á ràn án lọ́wọ́. Máńgòrò tàbí ìbẹ́pẹ tí ọmọ jẹ lẹ́yìn oúnjẹ tó ní epo á ṣe é láǹfààní ju èyí tó jẹ ní òfìfo ikùn lọ.

4. Kí a fi epo pamọ́ sínú ohun tó ní ìdérí, níbi tí oòrùn kò ti lè dé. Ìmọ́lẹ̀ àti afẹ́fẹ́ ń pa àwọ̀ rẹ̀.

5. Kí a ṣètò pẹ̀lú ilé ìwòsàn kí wọ́n máa fún àwọn ọmọ ní oògùn aràn bí ó ti yẹ fún ọjọ́ orí wọn, kí ọṣẹ ìfọwọ́ sì wà nínú ẹrù oúnjẹ. Ọmọ tó bá ń ṣu gbuuru, kí a tètè gbé e lọ, nítorí ìfun rẹ̀ kò lè gba oúnjẹ dáadáa.

Ẹnìkan lè ní, "Dókítà ti ní kí n dín epo kù." Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ gbọ́ ti dókítà yín. Ọ̀rá tó ń dì ló tó ìdajì nínú epo pupa, kò sì dára kí àgbàlagbà máa fi ọbẹ̀ wẹ̀ nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ ọdún mẹ́ta tí oúnjẹ rẹ̀ kò ní ẹran tí kò sì ní wàrà kọ́ ni ọ̀rọ̀ yẹn ń bá wí. Ṣíbí kékeré ni mo ń sọ, kì í ṣe ìgò.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, àwa tí a ń ṣètò oúnjẹ ọmọ òrukàn máa ń ka àpò ìrẹsì, a máa ń ka páálí ìndómì, a sì máa ń kọ ọ́ sílẹ̀ pé a ti pín in. Ó dára bẹ́ẹ̀. Láti òní lọ, kí a tún máa béèrè ìbéèrè kan sí i: nínú ohun tí a pín yìí, mélòó ni ara ọmọ yóò rí gbà?

Kí Ọlọ́hun gba gbogbo iṣẹ́ rere wa, kí Ó sì jẹ́ kí oúnjẹ àwọn ọmọ wọ̀nyí dára sí wọn lára.